Kí ló dé tí ẹyẹ fi ń fi eruku wẹ̀? Àwọn adìẹ mi ti sọ ebè ẹ̀fọ́ mi di balùwẹ̀

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Àkóbọ̀ (ọjọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Adìẹ ìbílẹ̀ méje ni mo ní, àkùkọ kan, àgbébọ̀ mẹ́fà. Láti oṣù tó kọjá tí Bàbá Àwọn Ọmọ ti ní kí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá nítorí ẹrẹ̀, orí ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi ni àwọn adìẹ yìí kó wá. Tó bá ti ń di bí aago méjìlá ọ̀sán báyìí, wọn á gbẹ́ kòtò sí àárín ebè, wọn á dùbúlẹ̀, wọn á máa yíràá, wọn á máa da iyẹ̀pẹ̀ sára. Èyí tó funfun nínú wọn ti di aláwọ̀ amọ̀. Mo rò pé ara ló ń yún wọn. Aládùúgbò mi ní kí n tètè pa wọ́n jẹ kí àrùn tó ràn wọ́n. Ìyàwó ilé kejì ní tirẹ̀ ní adìẹ tó bá ń ṣe báyẹn, òjò ló ń pè.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti àná. Mo rí ẹyẹ ológoṣẹ́ bíi mẹ́fà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, níbi tí àwọn bíríkìlà da yanrìn kù sí. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò sìn! Ṣé àrùn ń ṣe àwọn náà ni? Kí ni wọ́n ń wá nínú eruku? Báwo ni mo sì ṣe lè gba ebè mi lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀

Mà, ẹ má pa adìẹ o. Tí ẹ bá sì máa pa á, ẹ kọ́kọ́ fi àdírẹ́ẹ̀sì ilé ránṣẹ́. Ẹ̀rín ni o.

Àwọn adìẹ ìyá mi ní Bẹẹrẹ ń ṣe é látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìwẹ̀ yẹn kò pa ìkankan nínú wọn. Ẹ wo ìdí ògiri àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ yẹn, níbi tí páànù ti yọ síta tí òjò kì í dé, kòtò wọn ló tò síbẹ̀ lọ bí ojú ọpọ́n ayò.

Dókítà Adìẹ

Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀n tí mo mọ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ìwẹ̀ ni.

Ẹ rántí kókó kékeré tó wà lórí ìdí adìẹ, níbi tí ìrù ti yọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gé sọnù kí ẹran tó wọ ìkòkò nítorí òórùn rẹ̀? Ìkòkò òróró adìẹ nìyẹn. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ, ẹ ó rí i tó máa yí ọrùn sẹ́yìn, á fi ẹnu tẹ kókó yẹn, á wá máa fi ẹnu náà ya ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òróró yẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ́ rọ̀, kó má tètè ṣẹ́, kí omi má sì ráyè wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n òróró tó bá pẹ́ lára á gbó, á di ìdọ̀tí. Ìyẹ́ tí ẹ ń wò yẹn, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀ka yẹn tún ní ìkọ́ tí ojú lásán ò lè rí, ìkọ́ yìí ló so wọ́n pọ̀ bíi síìpù. Abẹ́ ìyẹ́ yẹn ni ìhùùhù wà, tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ara kí ọyẹ́ má bàa mú ẹyẹ. Tí òróró bá ti pọ̀ jù, ìhùùhù á lẹ̀ pọ̀ bí irun orí tí wọ́n da òróró sí lápọ̀jù, kò ní lè há afẹ́fẹ́ kankan mọ́.

Eruku gbígbẹ ló ń fa òróró àpọ̀jù náà mu. Ẹ̀yin obìnrin mọ̀ ọ́n jù mí lọ: tí ojú bá ń dán fún òróró lọ́sàn-án, kí lẹ máa ń fi sí i? Àtíkè. Eruku ni àtíkè adìẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé adìẹ máa gbọn tirẹ̀ dànù, òróró tó ti gbó, ìpẹ́pẹ́ ara àti díẹ̀ nínú kòkòrò á sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ló máa padà sídìí kókó yẹn, tá á fi òróró tuntun pa ara.

Ohun kan náà ni ẹyẹ ológoṣẹ́ yín ń ṣe. Ara wọn le koko.

Ìyá Àgbà Ọ̀jẹ́

Àtíkè! Ọmọ yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi ti ń sìn adìẹ kí wọ́n tó bí ọ, n ò ro ó dé ibẹ̀ yẹn rí. Àwọn àgbà sì ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ṣé òógùn yẹn náà ló ń fi eruku nù ni?

Dókítà Adìẹ

Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá. Òwe yẹn kò sí irọ́ ńbẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n adìẹ gan-an kì í làágùn, kò ní ihò òógùn lára. Tí ooru bá mú un, ẹnu ló máa là, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, á gbé apá kúrò lára. Nítorí náà tí ẹ bá rí adìẹ tó dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù lábẹ́ igi, tó la ẹnu sílẹ̀, tí kò da iyẹ̀pẹ̀ sára, ooru ló ń sá fún. Omi tútù ni kí ẹ gbé fún ìyẹn.

Àgbẹ̀ Moníyà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọ̀sán. Iṣẹ́ oko ni mo ń ṣe lọ́nà Moníyà. Ohun tí ológoṣẹ́ ń ṣe lẹ́yìn fẹ́ǹsì Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn, àparò ń ṣe é lójú ọ̀nà oko mi. Ọdẹ tó gbọ́n kì í lé àparò kiri, ibi tó ti ń wẹ̀ ló máa wá. Kòtò rogodo ni, kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ á kúná bí èlùbọ́ tí wọ́n kù, ẹ ó rí ìyẹ́ kan tàbí méjì létí rẹ̀. Ibi kan náà ni wọ́n máa ń padà sí. Awó náà ń ṣe é, tòlótòló ń ṣe é.

Wọ́n ní àparò kan ò ga ju àparò kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Èmi ti bá wọn lórí ebè, mo sì mọ ohun tí wọ́n gùn ún fún: orí ebè ló ń kọ́kọ́ gbẹ tí òjò bá dá. Ìdí nìyẹn tí adìẹ yín fi gba tẹ̀tẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ìyàwó wa. Ẹ da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀, ẹ wá fi orí ebè nìkan sílẹ̀. Níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n lọ?

Ti òjò tí ẹ ní wọ́n ń pè yẹn, láàárín ọyẹ́, tí òjò ò ní rọ̀ fún oṣù méjì, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń wẹ̀ jù. Oòrùn ló ń mú wọn ṣe é, kì í ṣe òjò.

Wíwòẹyẹ

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ràn kí n máa jókòó wo ẹyẹ, ìyàwó mi ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé àpótí sí abẹ́ máńgòrò, mo wo àgbébọ̀ kan láti aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú títí di aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe lọ, torí pé ètò wà nínú rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń fi ẹnu wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sábẹ́ àyà bí ẹni tó ń fa aṣọ ìbora mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó fẹ gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ títí tó fi tóbi tó ìlọ́po méjì, ó bà sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá méjèèjì gbọn iyẹ̀pẹ̀ sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ ta á. Kì í ṣe orí ìyẹ́ ni eruku ń dà sí o, abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé, ó ń lọ bá awọ ara gan-an. Ó fi orí àti ọrùn ra ilẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ó dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló dákẹ́. Ó pa ojú dé ní ìlàjì, orí rẹ̀ wọ́ sílẹ̀, kò mira. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó ti kú. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi wà báyẹn. Adìẹ kejì dé, ó lọ lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ìgbà tó wá dìde, ó na ara, ó gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eruku bo èmi àti àpótí mi.

Dókítà Adìẹ

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lè fi kún un pé kì í ṣe ojoojúmọ́ lọ́ranyàn. Adìẹ tó bá ní ààyè máa ń wẹ̀ bí ọjọ́ méjì méjì síra, ìwẹ̀ kan sì lè gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn, ó ń jẹ́ kí eruku ráyè ṣiṣẹ́ ni.

Bàbá Ìbejì Àpáta

Ìbéèrè kan. Ẹyẹlé ni èmi ń sìn. Omi ni tèmi ń wẹ̀, wọn kì í wo eruku. Ṣé ìdọ̀tí wá wà lára tiwọn ni?

Wíwòẹyẹ

Rárá o, sà. Ẹyẹ kò rí bákan náà. Èyí tó ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ tó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri, bí adìẹ, àparò àti awó, eruku ni tiwọn, wọn kì í sábà wọ omi. Pẹ́pẹ́yẹ, omi. Ológoṣẹ́ ń ṣe méjèèjì. Ẹyẹlé àti àdàbà fẹ́ràn omi àti òjò: tí òjò wẹ́wẹ́ bá ń rọ̀, ẹ wo àdàbà orí wáyà iná, á gbé apá kan sókè kí omi lè kan abẹ́ ìyẹ́, tó bá yá á gbé èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹyẹlé tiyín ní àtíkè tirẹ̀ nílé. Ó ní ìyẹ́ kan tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ di lẹ́búlẹ́bú funfun, òun ló fi ń tọ́jú èyí tó kù. Ẹyẹlé tó bá fò lọ gbá gíláàsì fèrèsé máa ń fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àyà, apá, gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun yà á. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ni. Lékèélékèé náà ní irú rẹ̀ láyà àti ní ìbàdí. Ẹ wo ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri nínú ẹrẹ̀ látàárọ̀ tó ṣì funfun báyẹn. A bẹ̀ ẹ́ títí lọ́mọdé pé kó fún wa ní èékánná funfun, a ò mọ̀ pé àtíkè ló yẹ ká tọrọ.

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ Ìbàdàn: ẹ̀gà igbó kan wà tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú wa sọ, Malimbus ibadanensis. Ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa. Ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀gà aláriwo orí ọ̀pẹ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ wá a nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn níbí, n ò tíì fojú kàn án. Kò kan ọ̀rọ̀ eruku o, ó kàn ń dùn mí ni.

Ẹlẹ́yin Olódó

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí n kì í sábà sọ. Adìẹ ẹlẹ́yin ni mo ń sìn, inú kéèjì ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ ló sàba lé ẹyin tí wọ́n ti jáde, wọn ò mọ ìyá, wọn ò tẹ iyẹ̀pẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti gba ojú wáyà wọlé, ẹ ó rí ọ̀kan tó máa bà sílẹ̀ lórí irin lásán, á fẹ ìyẹ́, á máa ju apá, á máa fi ẹnu wọ́ oúnjẹ inú ọpọ́n bí ẹni tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ jọ, á máa yí. Kò sí eruku kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo pe ọmọ tó ń bá mi tọ́jú wọn pé wárápá ti mú adìẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ó ń wẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ó ń wẹ̀, kò sì sí ohun tó ń fi wẹ̀.

Dókítà Adìẹ

Bó ṣe rí nìyẹn, sà. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wọn. Ọmọ adìẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì ti máa ń gbìyànjú rẹ̀. Tí wọ́n bá sì fi eruku du adìẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ tó bá rí i, ìwẹ̀ ọjọ́ náà máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wọn òróró ara ìyẹ́ rí i pé ó ń pọ̀ sí i tí kò bá sí eruku, ó sì ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2012 ni òfin ti ka kéèjì òfìfo léèwọ̀. Èyí tí wọ́n gbà láàyè gbọ́dọ̀ ní ibi tí adìẹ á yé ẹyin sí, igi tó lè bà lé, àti ohun tó lè fi ẹsẹ̀ họ.

Ẹlẹ́yin Olódó

Owó oúnjẹ adìẹ ní Ìbàdàn yìí ò jẹ́ ká tíì ronú dé Yúróòpù. Ṣùgbọ́n mo ti yọ ogójì sílẹ̀ lórí lẹ́búlẹ́bú pákó. Ìyẹ́ ti ara wọn dára ju ti àwọn yòókù lọ, n ò ní purọ́.

Ìyá Àgbà Ọ̀jẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iná adìẹ, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú ìyẹ́ wọn, torí pé òun ló ń dà wá láàmú. Eérú ni ìyá mi ń lò. Eérú inú ààrò, tí wọ́n ti kù, tí wọ́n ti ṣa èédú àti ìṣó kúrò. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, nítorí ẹ̀yinná máa ń sá pamọ́ sínú eérú, ó ti jó adìẹ wa lẹ́sẹ̀ rí. Kí ẹ sì rí i pé ó gbẹ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi eérú èèpo kókó ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú kì í ṣe ohun àmúṣeré, ó máa ń jẹ ara. Eérú tútù á bó adìẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Agolo eérú kan sí agolo iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta, ó tó.

Bàbá Ìbejì Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i. Lọ́dún tó kọjá, iná bo adìẹ mi. Ẹnì kan ní kí n po oògùn apẹ̀fọn olómi mọ́ eérú, kí n dà á síbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kàn lórí, adìẹ mẹ́rin ti ń ṣubú ń dìde, ọrùn wọn yí, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú. Àkùkọ tó kù ò kọ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Alákòóso

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. A ó fi ọ̀rọ̀ yìí sókè pátápátá kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ẹ MÁ PO OÒGÙN ẸFỌN, OÒGÙN AÁYÁN TÀBÍ KẸROSÍÌNÌ MỌ́ ERUKU ADÌẸ.

Dókítà Adìẹ

Ẹ kú àdánù, sà. Ẹ rí i, adìẹ kò kàn ń fi eruku wẹ̀ lásán, ó ń ṣa á jẹ, ó ń fà á símú. Ohun tí ẹ ò bá lè fi sínú oúnjẹ rẹ̀, ẹ má fi sínú ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹyin náà kò gbẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́. Símẹ́ǹtì náà wà lára rẹ̀. Àpò símẹ́ǹtì tó ti ṣófo gan-an, ẹ má fi tọ́jú iyẹ̀pẹ̀ adìẹ.

Kí a sọ òótọ́ nípa iná: iyẹ̀pẹ̀ lásán kì í pa á tán. Ó ń dín in kù, ó ń gbọn díẹ̀ dànù. Imí ọjọ́ ni wọ́n ti dán wò tó sì ṣiṣẹ́ gidi: adìẹ tó wẹ̀ nínú eruku tí wọ́n po imí ọjọ́ mọ́, kòkòrò ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà á, ṣùgbọ́n ó máa ń ta ojú, ó sì ń há ọ̀nà ọ̀fun, ẹ bi dókítà ẹran ní ìwọ̀n tí ẹ máa lò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Mọ́kọ́lá.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ yẹ adìẹ wò ná. Alẹ́ ló dára, tó bá ti wọlé sùn, kò ní bá yín jà. Ẹ gbé e dání, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí itan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi àtàǹpàkò ya ìyẹ́ tó wà lábẹ́ ìdí. Iná adìẹ á sá lọ kíá, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko gbígbẹ. Ẹyin rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìdí ìyẹ́ ní òṣùṣù, funfun, bíi gaàrí tó ti gbẹ mọ́ etí abọ́. Tí ẹ bá rí ẹyin yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ò tó, torí pé láti ẹyin di àgbà rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ tún padà wò ó.

Ṣùgbọ́n eégbọn adìẹ àti àwọn kòkòrò pupa wínníwínní tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lóru, eruku ò lè rí wọn mú. Lọ́sàn-án tí adìẹ ń wẹ̀, inú pàlàpálá igi ilé rẹ̀ ni wọ́n sá sí. Ilé ni kí ẹ tọ́jú fún ìyẹn: ẹ tú igi tí wọ́n ń sùn lé, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ sá a sóòrùn, ẹ dí ihò ara ògiri.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Àkóbọ̀

Ẹ mà kú làálàá o! Mo yẹ wọ́n wò lálẹ́ àná pẹ̀lú ọmọ mi tó ń tan tọ́ọ̀ṣì. Mo rí iná lára méjì, kò pọ̀. Ẹ̀rù ti bà mí pé n ó bá odindi ọjà níbẹ̀. Ẹ wá sọ bí n ó ṣe ṣe balùwẹ̀ wọn. Ilẹ̀ tí kò ní kọnkéré ò sí mọ́ yàtọ̀ sí ibi ẹ̀fọ́.

Ọmọ Mẹ́síọ̀gọ̀

Táyà mọ́tò àtijọ́, Mà. Lọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tọrẹ. Ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, ibi tí òjò ò lè dé ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán ń yọjú sí. Ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ kíkúná sínú rẹ̀ kó jìn tó ìbú ọwọ́ méjì. Yanrìn odò tó rí gàkègàkè kò dára tó bẹ́ẹ̀, kì í wọ inú ìhùùhù. Ẹ wọ́n àgbàdo díẹ̀ sórí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó ṣa àgbàdo yẹn tán, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀fọ́.

Àgbẹ̀ Moníyà

Ti ebè, ìyàwó wa, ẹ yí àsìkò ìbomirin yín padà. Tí ẹ bá ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, ó ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ máa bomi rin ín ní bí aago mọ́kànlá. Adìẹ kì í fi ẹrẹ̀ wẹ̀. Ẹ wá fi imọ̀ ọ̀pẹ bo èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn títí tó fi máa ta gbòǹgbò.

Kí ẹ sì kó iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ pamọ́ sínú àpò ìrẹsì nísinsìnyí. Tí òjò bá ti dé, tó ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò ní rí eruku yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ìbàdàn.

Wíwòẹyẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kó yanrìn ẹ̀yìn fẹ́ǹsì yẹn kúrò. Ti àwọn ológoṣẹ́ nìyẹn. Ibi gbalasa ni wọ́n ń fẹ́, tí igbó kankan ò sún mọ́ ọn, nítorí ológbò. Ẹyẹ tó ń wẹ̀ kì í tètè ríran.

Dókítà Adìẹ

Mo gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí ti ẹyẹ oko dá wà, kí ti adìẹ dá wà. Ẹyẹ oko lè gbé iná àti àrùn wá. Ẹni tó rántí ọdún 2006, nígbà tí àrùn ẹyẹ kọ́kọ́ wọ Áfíríkà, tó sì jẹ́ pé orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, á mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Kí ẹ gba abẹ́rẹ́ lùkúlùkú (Newcastle) fún àwọn méjèèje náà, Mà, tí ẹ ò bá tíì gbà á. Kí ẹ máa ṣa ìgbẹ́ kúrò nínú táyà yẹn bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Àkóbọ̀ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀. Táyà méjì la rà, ọ̀kan ò gbà wọ́n, wọ́n ń ti ara wọn. Eérú Ìyá Àgbà ni mo pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wọn ò wò ó, àgbàdo nìkan ni wọ́n ṣà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, àkùkọ wọ inú rẹ̀, gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Mo tún yẹ wọ́n wò lálẹ́ àná, iná ara èyí àkọ́kọ́ ò sí mọ́, ti ìkejì ku díẹ̀, mo ṣì ń wò ó. Ebè mi ti padà sípò, tẹ̀tẹ̀ ti yọ orí.

Aládùúgbò mi tó ní kí n pa wọ́n jẹ yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ti orí fẹ́ǹsì yọjú, ó figbe ta: “Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́! Mo wí fún yín! Èyí funfun ti kú!” Mo sáré jáde. Lóòótọ́, ó nà sílẹ̀ nínú táyà, ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ dé. Mo ní kó wọlé wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó na ìka kí ó fi tọ́ ọ wò. Adìẹ bá dìde, ó gbọn ara. Iró àǹkárá tuntun tó ró wá láti ọjà, gbogbo rẹ̀ funfun fún eérú.